Kí Ló Wà Nínú Ìkòkò Náà?

Ibi kíkà: Àwọn Ọba Kejì 4:38–41

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jùmọ̀ gbé yẹ̀wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nílé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ ewé àti egbò ni, ọ̀rọ̀ àgbo. Ilé wo ló wà ní Abẹ́òkúta àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ìkòkò àgbo kò jókòó sórí iná rí? Síbẹ̀, ó wà lára ohun tí a kì í fẹ́ sọ síta nínú ìjọ. Ẹlòmíràn ń mu ún, ó ń fi pamọ́ fún àlùfáà. Ẹlòmíràn ń fún ọmọ mu, ó ń fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn sì wà tó ka gbogbo ewé sí ti Èṣù, bẹ́ẹ̀ ni ewúro ń bẹ nínú ọbẹ̀ rẹ̀ lálẹ́. Ó yẹ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sínú ìmọ́lẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn tó wà nínú ibi kíkà wa. Ìyàn mú ní ilẹ̀ Gílígálì. Èlíṣà ní kí ìránṣẹ́ òun gbé ìkòkò ńlá kaná, kí ó se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí oko láti já ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn kan nínú igbó, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó kó o délé, ó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí èso náà jẹ́. Nígbà tí wọ́n bù ú sẹ́nu, wọ́n figbe ta pé ohun tó ń pani wà nínú ìkòkò náà. Èlíṣà ní kí wọ́n mú ìyẹ̀fun wá, ó dà á sínú ìkòkò, Ọlọ́run sì mú ibi náà kúrò. Gbogbo wọn jẹ, kò sí ẹni tí ó ṣe ní nǹkan.

Ẹ wo ọkùnrin náà dáadáa. Kì í ṣe ọ̀tá. Kò gbèrò ibi. Ebi ń pa àwọn ará rẹ̀, ó sì fẹ́ ṣe wọ́n lóore. Ọwọ́ ìfẹ́ ló fi gbé ikú wálé, nítorí pé kò mọ ohun tí ó ká. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń béèrè lọ́wọ́ ara wa lónìí pé: kí ló wà nínú ìkòkò náà?

1. EWÉ TI OLÚWA NI

Ohun kìíní tí a gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé Ọlọ́run ló dá ewé. Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní sọ fún wa pé ní ọjọ́ kẹta ni Ó pàṣẹ kí ilẹ̀ hu ewéko, Ó sì rí i pé ó dára. Nígbà tí Hesekáyà Ọba ń ṣàìsàn dé ojú ikú, wòlíì Àìsáyà kan náà tó mú ìlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá fún un ló tún ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo rẹ̀ (Àwọn Ọba Kejì 20:7). Àdúrà kò lé oògùn jáde nínú yàrá náà, oògùn kò sì lé àdúrà. Ará Samáríà rere da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́ kí ó tó gbé ọkùnrin náà lọ (Lúùkù 10:34). Nínú ìran Ìsíkíẹ́lì (47:12) àti nínú ìwé Ìfihàn (22:2), igi tó wà létí odò Ọlọ́run ní ewé, ìwòsàn sì ni ewé náà wà fún.

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tún ní ohun tí a lè tọ́ka sí nínú ilé tiwa. Ní ọdún 1746, John Wesley ṣí ibi tí àwọn tálákà ti ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní London. Ní ọdún 1747, ó tẹ ìwé kan jáde tó pè ní Primitive Physick, tó kún fún oògùn tí ènìyàn lè fi ewé àti egbò ṣe nílé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà tó lé ní ogún kí ó tó kú. Púpọ̀ nínú ohun tó kọ síbẹ̀ ni àwọn dókítà òde òní kò ní fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun méjì tó ṣe. Ó sàmì sí àwọn oògùn tí ó ti dán wò, kí àwọn tó ń ka ìwé náà lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu ènìyàn. Ó sì kìlọ̀ pé bí àìsàn bá díjú, tàbí tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kí wọ́n má ṣe fi falẹ̀ rárá, kí wọ́n tọ oníṣègùn tó bẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

Ẹ tún rántí ẹni tó mú ìyìn rere dé ìlú wa. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Kí Freeman tó di míṣọ́nnárì, iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ló ń ṣe ní Sọ́fọ́ọ̀kì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ ewéko débi pé òun àti àwọn àgbà ọgbà Kew ní London jọ ń kọ ìwé síra wọn. Ẹni tó mọ iyì ewé ló kọ́kọ́ wàásù Krístì fún àwọn baba ńlá wa lábẹ́ Olúmọ.

2. ỌLỌ́RUN FÚN ILẸ̀ WA NÍ ỌGBỌ́N

Bí a bá dé ọjà Ìtòkú, tàbí Kútọ̀, tàbí Láfẹ́ńwá, a ó bá àwọn ìyá ẹlẹ́wẹ́ ọmọ níbẹ̀ pẹ̀lú igbá wọn. Òrúwo wà níbẹ̀ fún ibà, ẹ̀fínrín wà fún inú rírun, àsúnwọ̀n wà fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà. Dóńgóyárò tí a rò pé tiwa ni láti ayébáyé, ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá. Àwọn ará Íńdíà ti ń fi ewé àti èèpo rẹ̀ ṣe oògùn nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní Ayurveda, fún ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun kan wà tó yẹ kó yà wá lẹ́nu. Igi asofẹ́yẹjẹ wà nínú igbó wa. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ gan-an wà ní Íńdíà. Sarpagandha ni wọ́n ń pè é, àwọn náà sì ń lo egbò rẹ̀ fún àìsàn orí àti àìlèsùn. Wọn kò rí wa, a kò rí wọn. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ yọ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní reserpine láti inú egbò ti Íńdíà náà. Wọ́n lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì lò ó fún àìsàn ọpọlọ. Irú reserpine kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa.

Ní àyíká àkókò yìí gan-an ni ọmọ Ẹ̀gbá kan, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, padà sílé. Ní ọdún 1954, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Kò fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ó pè wọ́n, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àró, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń lo asofẹ́yẹjẹ. Nítorí náà, kì í ṣe Íńdíà tàbí Ṣáínà nìkan ni Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí. Ó fi sí ẹ̀bá Olúmọ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ọgbọ́n náà kò wúlò fún gbogbo ayé títí wọ́n fi mú un wá síbi tí a ti lè wò ó, kí a sì wọ̀n ọ́n. Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale ní àgbo kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyeré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. Kò gbé e pamọ́ títí yóò fi bá a wọ sàréè. Ó fi lé àwọn onímọ̀ ìjọba lọ́wọ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn NIPRD ní Abùjá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gba àṣẹ NAFDAC ní ọdún 2006. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou rí oògùn ibà láti inú ewé kan tí ìwé àtijọ́ wọn dárúkọ. Kí wọ́n tó fún aláìsàn, òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mu ún wò. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Oògùn ibà tí à ń rà lónìí ní ilé oògùn, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "arte", inú ewé yẹn ló ti jáde wá.

3. ÌFẸ́ NÌKAN KÒ TÓ

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ òtítọ́ fún ara wa, nítorí ẹ̀mí ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà nínú wa mọ àgbo gìrì. Ọmọ kan gbóná janjan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ja, ojú rẹ̀ yí sókè. Ìyá rẹ̀ ké, àwọn aládùúgbò sáré dé, wọ́n gbé ìgò kan wá. Nínú ìgò náà ni ewé tábà, àáyù, ẹ̀fínrín àti ọsàn wẹ́wẹ́ wà, wọ́n sì fi ìtọ̀ màlúù rẹ ẹ́. Wọ́n rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti yẹ ohun tó wà nínú ìgò yẹn wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ó máa ń mú kí mímí rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí a sì rọ sí ọmọ tó ń ja lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ibà lásán ń yọ lẹ́nu ni àgbo yẹn ti pa, tí a sì sọ pé ayé ló pa á.

Ẹ̀yin ìyá wa, ta ló fẹ́ ọmọ yẹn ju ìyá rẹ̀ lọ? Bíi ti ọkùnrin Gílígálì náà ni. Ẹ̀fínrín tó wà nínú ìgò dára. Tábà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ májèlé ni. Ohun rere kan nínú ìkòkò kò sọ gbogbo ìkòkò di rere.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1993, àwọn dókítà ní Bẹ́ljíọ̀mù kọ ìròyìn nípa àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń lo ewé Ṣáínà láti fi dín ara kù. Orúkọ ewé méjì jọra, wọ́n sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìmọ̀. Kíndìnrín wọn bàjẹ́. Nígbà tó yá, iye àwọn tí ó ṣe ní jàǹbá ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún 2004, wọ́n yẹ 70 oògùn Ayurveda tí wọ́n ń tà ní àyíká Bọ́sítọ̀nì ní Amẹ́ríkà wò. Nínú 14, wọ́n rí òjé, mákúrì tàbí àsínìkì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ohun tó bá ti jẹ́ ti ìbílẹ̀ kò lè pani lára.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ilé wa. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ógógóró rẹ, ọtí ni, kò yẹ aboyún, kò sì yẹ ọmọ. Ìyá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé ìwòsàn, tó tún ń mu àgbo tí asofẹ́yẹjẹ wà nínú rẹ̀, lè rí i kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ jù, kí òòyì sì gbé e ṣubú nílé ìwẹ̀. Èyí tó sì fi oògùn sílẹ̀ nítorí pé ẹlẹ́wé sọ fún un pé àgbo ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kúrò pátápátá, ń rìn létí ọ̀gbun. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan tó fún un. Kò nílò àgbo, kò nílò omi pàápàá.

4. TA NI À Ń KÉ PÈ?

Àwọn kan yóò bi wá pé: ṣé kì í ṣe ìbọ̀rìṣà ni ewé? Ẹ jẹ́ kí a tún fi Íńdíà ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn Híńdù ní ewé kan tí wọ́n ń pè ní tulsi. Wọ́n ń gbìn ín sí àgbàlá, wọ́n sì ń sìn ín. Ẹbí kan náà ni òun àti ẹ̀fínrín wa. Àwọn ń forí balẹ̀ fún tiwọn. Àwa ń ja tiwa sínú ọbẹ̀. Ewé kò ní ẹ̀sìn. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ní ẹ̀sìn.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè Kristẹni kò fi gbọdọ̀ jẹ́ "Ṣé ewé ni?" nìkan. Ó tún gbọ́dọ̀ béèrè pé, "Orúkọ ta ni wọ́n pè lé e lórí?" Bí ẹni tó fẹ́ fún wa ní ewé bá ní kí a rúbọ, kí a pe ọfọ̀, kí a so nǹkan mọ́ ọmọ nídìí, kí a bọ orí odò, ohun tó ń tà fún wa ti kọjá ewé. A ti ní Olúwa kan, a kò lè fi ìdajì ọkàn sìn ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá sọ pé kí a ju oògùn dókítà nù nítorí ìgbàgbọ́. Àwọn ọmọ wòlíì ní ìgbàgbọ́, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tọ́ ọbẹ̀ náà wò, wọn kò dákẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ.

5. OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ kíyè sí i pé igbe ló gba àwọn ará Gílígálì là. Bí ìtìjú bá ti mú wọn dákẹ́, ìsìnkú ni ìbá tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun fífi nǹkan pamọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá bi wá pé kí ni a ti lò, kí a dárúkọ gbogbo rẹ̀, àgbo àti ìwọ̀n tí a mu. Bó bá pariwo mọ́ wa, kí a fara dà á. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, nítorí ẹni tí a bá dójú tì lẹ́ẹ̀kan kì í sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ọmọ bá ń ja gìrì, kí a dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Bí a bá fẹ́ ra àgbo inú ìgò, kí a wò ó bóyá ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí a sì ka ohun tó wà lára rẹ̀ délẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí oògùn náà ní òun lè ṣe wò. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò wo gbogbo àìsàn.

Èlíṣà kò fọ́ ìkòkò. Kò sì lé ọkùnrin tó ká èso náà jáde. A ní àwọn arábìnrin nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n fi ewé títà tọ́ ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wò wọ́n ní ìwòkuwò nínú ìjọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí a ó pe nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn kan jókòó pẹ̀lú wọn. Kí ẹlẹ́wé kọ́ wa ní orúkọ ewé, kí nọ́ọ̀sì sọ ewu tó wà níbẹ̀. Kí àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ló ń bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀. Kí àwọn tó ń tà á sì rántí pé Olúwa kórìíra òṣùwọ̀n èké. Ẹni tó bá sọ pé ìgò kan wo àrùn ogún, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá òun lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìtẹ́ ìdájọ́.

Ìyẹ̀fun ni Èlíṣà béèrè fún, ohun tí gbogbo ilé ní. Ohun tí Olúwa ń béèrè lọ́wọ́ wa náà kò jìnnà: kí a sọ òtítọ́, kí a béèrè kí a tó bu sẹ́nu ọmọ, kí a má ṣe tijú láti ké. Ọlọ́run tó wo ìkòkò Gílígálì sàn lè wo tiwa sàn.

ÀDÚRÀ: Olúwa, Ìwọ tó dá ewé àti egbò, a dúpẹ́ fún ọgbọ́n tí O fi sí ilẹ̀ wa. Dárí jì wá níbi tí a ti fi àìmọ̀ pa ara wa lára. La ojú wa kí a mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ń pani. Dá àwọn ọmọ wa sí. Bùkún ọwọ́ àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àti àwọn ìyá wa tó ń já ewé. Má ṣe jẹ́ kí a rí ikú nínú ìkòkò tí a fi ìfẹ́ gbé kaná. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.